Tábù Tí Kò Gbọdọ̀ Mì

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi ní Àkúrẹ́ yìí pé ìbínú kò da nǹkan, pé sùúrù ni baba ìwà, màá ní kó di sùúrù náà sínú ọ̀rá kó gbé e lọ sílé rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àlùfáà ìjọ wa lẹ́yìn ìsìn, tó di ọwọ́ mi mú bí ẹni pé mo fẹ́ sá lọ. Inú ń bí mi. Ó ti ń bí mi láti ọdún tó kọjá, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, láìfi bò fún ẹnikẹ́ni, títí kan èmi fúnra mi.

Ará odò ni bàbá mi. Ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ wa yìí ni wọ́n ti wá, ní ìkọjá Òkìtìpupa, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti ń tán tí omi ń bẹ̀rẹ̀. Ilé tí ìyá wọn bí wọn sí dúró lórí òpó igi nínú omi, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Tíṣà ni wọ́n fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì aláwọ̀ búlúù kan ni wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń gbé aboyún tó bá ń rọbí lọ sí ọsibítù. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n bá ìyá mi padà sí Oǹdó tó jẹ́ ìlú ìyá mi. Gbogbo ohun tí wọ́n ní ni wọ́n tà àfi ọkọ̀ náà. Wọ́n fi lọ́rì gbé e wá sí ìlú tí kò ní ju omi kànga àti omi gọ́tà lọ, wọ́n gbé e ka orí kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì tí mọ́tò ń fà, ó sì jókòó sí ẹ̀yìn ilé àna wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ará àdúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìkún omi Nóà ni bàbá ń dúró dè. Bàbá mi á ní bó bá dé, kí ẹnikẹ́ni má wá kanlẹ̀kùn o.

Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ọ̀bà-Ilé, ọkọ̀ sì dúró sí Oǹdó. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká kọ lu ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù. Mo mú wọn lọ rí dókítà ojú ní Àkúrẹ́. Obìnrin náà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní iṣan tó wà lẹ́yìn ojú méjèèjì ń kú díẹ̀díẹ̀. Oògùn lè fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ kò ní padà. Mo bi í pé báwo ló ṣe kù tó. Ó ní ó lè jẹ́ ọdún kan, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a délé, bàbá mi jókòó ní pálọ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi lé orúnkún.

"Kí ojú yìí tó ṣú," wọ́n ní, "mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi wa ọkọ̀ mi dé ilé. Mo fẹ́ rí ilé náà látorí omi. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa ṣú lọ."

Mo ní ó ti parí. Èmi ni àkọ́bí wọn. Ogún ọdún ni mo ti fi ń lé fáìlì kiri láti yàrá kan dé èkejì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kí ni ọkọ̀ àtijọ́ kan fẹ́ fi mí ṣe? Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ará Ọ̀wọ̀ àti ará Ìkàrẹ́ tí wọn kò rí omi tó ju inú garawa lọ rí, ń bi mí léèrè pé ṣé bàbá mi kò lè wọ mọ́tò lọ sílé ni.

Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi kan gòkè wá láti etí odò, ó lo ọjọ́ méjì ní Oǹdó, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ara ọkọ̀. Ohun tó bàjẹ́ kò ju tábù méjèèjì lọ. Tábù ni bàbá mi ń pè wọ́n. Irin pẹlẹbẹ méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ bí ìwé àkọsílẹ̀ tí a ṣí sílẹ̀, wọ́n wà nísàlẹ̀ ìdí ọkọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Hínjìsì ló so wọ́n mọ́ ara ọkọ̀ bí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ irin méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀. Béèyàn bá yí i, tábù á wálẹ̀, omi á gbá a, ìdí ọkọ̀ á gbéra, imú rẹ̀ á sì rọlẹ̀. Ọkọ̀ bàbá mi wúwo nídìí. Bó bá ń sáré tí kò sí tábù, imú rẹ̀ á dojú kọ ọ̀run, ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere pàápàá kò ní rí ohun tó wà níwájú. Ká má tíì wá sọ ti ẹni tí ojú rẹ̀ ń kú lọ. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi ní láìsí tábù, kò sí ìrìn àjò. Ìpẹtà sì ti jẹ àwọn tábù náà, ó ti jẹ hínjìsì wọn.

Mẹkáníìkì ní òun kì í ṣiṣẹ́ irin, ká wá wẹ́dà. Oǹdó sì ní wẹ́dà kan tó gbajúmọ̀, tó jẹ́ pé mọ́tò tó bá ní jàǹbá ni iṣẹ́ tirẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n bá kó wá bí ìwé tí wọ́n fún pọ̀, á nà án, á jó o, á fi pátí dí i, o kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é rí. Òfin kan ló ní: ohun tó bá ti ọwọ́ òun jáde kò gbọdọ̀ mì. Kó tó dá mọ́tò padà, á ní kí ẹni tó ni ín bọ́ sẹ́yìn, kó fi gbogbo agbára fi ẹsẹ̀ gbá bámpà. Bó bá dún pẹ́nrẹ́n, á tú u palẹ̀ níṣojú onítọ̀hún, á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n mọ́ bámpà gbígbá yìí. Ó ti tún mọ́tò ìyá mi ṣe rí, ìyá mi sì gbá bámpà tirẹ̀ tòun ti aṣọ ìsìn lọ́rùn.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo mú wẹ́dà náà lọ sí ẹ̀yìn ilé lábẹ́ igi máńgòrò. Orí mi ti gbóná tẹ́lẹ̀, nítorí ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó ti fi ihò gbo mí bí igbá èlùbọ́. Tábù òsì ti já ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń mì dìrọ̀dìrọ̀. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi hàn án, ó ya mí lójúgun, ẹ̀jẹ̀ bo bàtà mi. Ni mo bá bú jáde. Mo ní irú ìríra wo nìyí, mi ò fẹ́ kó mì mọ́ láé, kó lẹ̀ ẹ́ kó le gbọin. Wẹ́dà náà mi orí pé òun ti gbọ́. Ó wọn irin náà, ó tú wọn, ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó pè mí pé ó ti parí. Mo lọ. Irin tuntun méjì ti wà nídìí ọkọ̀, nínípọn, ó ti kùn wọ́n ní búlúù tó bá ara ọkọ̀ mu. Ó kúrò lọ́nà, ó ní kí n gbá a. Mo gbé ẹsẹ̀, mo gbá a. Kò mì. Mo gbá ti ọ̀tún náà, ó dà bí ìgbà tí mo gbá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mi dùn dé góńgó. Ó fi wáyà tí ń ti ọwọ́ irin bọ̀ hàn mí, ó ní òun ti so òun náà mọ́ ọn pinpin, kó máa ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó gba ẹ̀mí mi là.

Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, lọ́rì fa ọkọ̀ lọ sí etí omi. Bàbá mi wọ aṣọ funfun, wọ́n dé fìlà tí wọ́n máa ń dé nígbà tí wọ́n ń kọ́ni. Mẹkáníìkì nìkan ló bá wa wọ ọkọ̀; ọkọ̀ ti wà nínú omi kó tó dé, kò rí ìdí rẹ̀. Bí bàbá mi ti gbá sítíárì mú, èjìká wọn nà, wọ́n di ẹni tí mo mọ̀ ní kékeré. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi yọ láàárín ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn, wọn kò kan ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní òórùn omi nìkan ti tó láti fi mọ̀nà. Nígbà tí a dé gbangba, wọ́n fún ẹ́ńjìnnì níná.

Imú ọkọ̀ gòkè. Ó gòkè, ó gòkè, ó sì dúró sókè. Bàbá mi yí ọwọ́ tábù, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n tún un yí, wáyà já. Mo dìde dúró, mi ò rí ohun kan níwájú ju imú ọkọ̀ àti ojú ọ̀run lọ. Wọ́n ṣì ń dín eré ọkọ̀ kù nígbà tí a wọ inú ọgbà ọparun tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ láti fi dẹ ẹja, ó wó mọ́ wa lórí. Mẹkáníìkì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, ṣùgbọ́n ohun tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ti há mọ́ ọparun, ó ti ṣẹ́. Apẹja kan wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó wo ọgbà rẹ̀, ó wo bàbá mi.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ ò ríran ni?"

Bí mo bá mọ omi wẹ̀ ni, ǹ bá bẹ́ sínú odò lọ bá a. Bàbá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ilé wọn kò ju ìrìn ààbọ̀ wákàtí lọ sí ibi tí a wà. Mo ní ká wọ ọkọ̀ èrò lọ, ó kúkú ń kọjá. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ wọlé bí èrò. Apẹja yẹn kan náà ló fa ọkọ̀ wa padà sí etí omi, bàbá mi sì jókòó, wọ́n di ọwọ́ tábù tí wáyà rẹ̀ ti já mú títí a fi dé. Lọ́rì tún fa ọkọ̀ padà sí Oǹdó.

N kò sùn kí n tó dé Oǹdó, n kò sì jẹun. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ohun tí mo ń sọ lọ lọ́nà nìyẹn. Mo dé ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà náà, mo bọ́ sí àárín àwọn mọ́tò tó tú sílẹ̀, mo fi èdè Oǹdó ìyá mi bú u, mo fi Yorùbá inú ìwé bú u, gbogbo ọ̀nà ni èrò ti dúró. Mo ní ó ti ba ọjọ́ bàbá mi jẹ́, ọjọ́ tí wọn kò ní púpọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo ní ta ló sọ fún un pé tábù ọkọ̀ jẹ́ bámpà. Ó dúró, ó fi awò dúdú tí wọ́n fi ń jó irin sójú, títí mo fi sinmi ẹnu. Ó wá ṣí i.

"Mà," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ní kò gbọdọ̀ mì. Ẹsẹ̀ yín náà lẹ fi gbá a."

Ohun kan wà tí mo fò nígbà tí mo ń sọ ìtàn yìí bọ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Ní àárọ̀ Sátidé tí mo fẹ́ lọ mú wẹ́dà, bàbá mi bá mi dé ẹnu géètì ní Ọ̀bà-Ilé. Wọ́n ní ẹni tó mọ mọ́tò nìkan kò ní mọ̀, kí n sọ fún un pé tábù gbọ́dọ̀ máa ṣí, kó máa pa dé bí ilẹ̀kùn, òun ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, Bàbá, mo ti gbọ́, ẹ jẹ́ n máa lọ. Mi ò jẹ́ iṣẹ́ náà. Inú tó ń bí mi ni mo jẹ́ fún un. Wẹ́dà ṣe ohun tí wọ́n rán an, ó sì ṣe é dáadáa. Èmi ni mo fi ata sẹ́nu.

Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un níbẹ̀? N kò sọ. Mo ní kó tún un ṣe, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Ìtìjú a máa mú èèyàn bínú ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, mo sì ti mọ ìyẹn látìgbà náà.

Àtúnṣe kejì pẹ́. Hínjìsì tí omi iyọ̀ kò lè jẹ, wọn kò tà á ní Oǹdó, wọn kò tà á ní Àkúrẹ́. Ẹni tí a rán sí i mú irú tí wọ́n fi ń kan kọ́bọ́ọ̀dù wá, a dá a padà. Òjò ọdún náà wá bẹ̀rẹ̀. Ìsinmi mi ti tán níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi sì ní sùúrù ni baba ìwà. Wẹ́dà náà kò bínú sí mi. Ó lọ bá mẹkáníìkì létí odò fúnra rẹ̀, ó wo bí ti ẹlòmíràn ṣe ń ṣiṣẹ́, ó padà wá. Ìyẹn náà bí mi nínú, pé kò bínú.

Láàárín ìgbà náà, bàbá mi ní kí n máa ka Bíbélì sétí àwọn ní àárọ̀. Wọ́n ní ohùn mi dùn, ó jọ ti ìyá mi. Orí mi wú. Mo ń kà á pẹ̀lú ìtara, mo tilẹ̀ ń gbé ohùn sókè níbi tí ó yẹ. Wọ́n dẹ́kun àtijókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ìròyìn wọn ti sú àwọn. Ta ni ìròyìn Nàìjíríà kò sú? Mi ò fura.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, wẹ́dà pè mí. Mo mú bàbá mi dání lọ sí Oǹdó lọ́tẹ̀ yìí, ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n fi ojú ara wọn wò ó kí n má tún ṣi iṣẹ́ jẹ́. Kí n tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ni mo ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé rí tábù méjèèjì láti òpópónà. Ó ti kùn wọ́n ní pupa, pupa fòò, bí ọkọ̀ panápaná. Ọkọ̀ búlúù, tábù pupa! Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu fún un. Bàbá mi di apá mi mú, a rìn dé ìdí ọkọ̀. Wẹ́dà kí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ewé máńgòrò. Bàbá mi kúnlẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí abẹ́ ọkọ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n jẹ́ kó wálẹ̀.

Wọ́n ní ó ń ṣí. Wọ́n ní ó ń pa dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́, ojú wọn kò ju ìbú ọwọ́ méjì lọ sí irin náà, oòrùn sì ràn sórí rẹ̀. Wọ́n wá béèrè bí ẹni tó ń bi wẹ́dà léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀.

"Àwọ̀ wo lo kùn ún?"

Wẹ́dà wò mí. Mo wò ó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kó jọ sẹ́nu tú ká. Bíbélì àárọ̀ ni ọkàn mi lọ, ohùn mi tó dùn.

"Pupa ni, Bàbá," mo ní.

"Pupa," wọ́n ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo. Wọ́n ní láti àárín òjò. Ìmọ́lẹ̀ ṣì ń wọlé díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń rí ilé. Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi. Wọ́n ní àwọn rò ó, àwọn rí i pé bí àwọn bá sọ ọ́, màá lọ bá wẹ́dà jà, ọmọlọ́mọ ò sì ṣẹ̀ wá. Nígbà náà ni mo jẹ́wọ́ lórí ìdúró, níwájú wẹ́dà, pé n kò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

"Mo mọ̀," bàbá mi ní. "Láti orí omi ni mo ti mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá jẹ́ iṣẹ́ náà fún kò ní lẹ̀ ẹ́."

Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀, wọn kò sì tíì sọ ọ́ títí di òní. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n gbá mi létí. Wọ́n ní kí n gòkè, kí n jókòó sí àyè awakọ̀. Wọ́n ní èmi ni màá wa ọkọ̀ náà délé. Àwọn á jókòó tì mí, ohun tí mo bá rí kí n máa sọ ọ́. Mo ní n kò mọ ọkọ̀ wà, n kò mọ omi wẹ̀. Wọ́n ní kí n yí ọwọ́ òsì.

Mo gòkè lọ jókòó nínú ọkọ̀ tó wà lórí táyà ní Oǹdó, lábẹ́ igi máńgòrò, mo dojú kọ ògiri ilé àna wọn. Mo fi gbogbo ìbínú mi yí ọwọ́ náà. Bàbá mi ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ sí abẹ́ tábù. Wọ́n ní ó ti wálẹ̀ jù, kí n rọra, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dá a padà, mo tún un yí.